Irọ́ Ni Pé Ọ̀bùn Ni Wá: Ọ̀rọ̀ Lórí Ìdọ̀tí Inú Ọgbà Ìgbafẹ́

Ẹ̀yin ará Èkó, ẹ̀yin ará Ìbàdàn, ẹ̀yin ọmọ wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀rọ̀ kan wà lẹ́nu gbogbo wa tó yẹ ká tu dànù. Bí èèyàn bá wọ ọgbà ìgbafẹ́ ìjọba ní ọjọ́ kejì ọdún, tó rí ọ̀rá píọ̀ wọ́tà lórí koríko, tó rí ike ẹlẹ́rìndòdò nínú gọ́tà, tó rí abọ́ funfun fífúyẹ́ tí wọ́n fi ń gbé oúnjẹ lábẹ́ bẹ́ǹṣì, ohun tó máa kọ́kọ́ sọ ni pé: "Àwa aláwọ̀ dúdú, ọ̀bùn ni wá. Òyìnbó ò jẹ́ ṣe báyìí." Tíṣà ń sọ ọ́ fún ọmọ ilé ìwé, pásítọ̀ àti àáfáà ń fi ṣe wáàsí, òṣìṣẹ́ ìjọba náà ń fi gbèjà ara rẹ̀. Mo ní irọ́ ni. Irọ́ tó ń pani lára sì ni, torí kò jẹ́ ká wo ibi tí àtúnṣe wà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yẹ òyìnbó tí wọ́n fi ń bú wa wò. Lọ́dún 1937, ní Oklahoma City, Sylvan Goldman tó ní ilé ìtajà ṣe kẹ̀kẹ́ kan tí oníbàárà lè máa tì kiri láti kó ọjà sí. Kẹ̀kẹ́ yẹn ló di tírọ́ọ̀lì tí gbogbo ayé ń lò. Nígbà tó dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wàhálà ló dà. Àwọn oníbàárà á tì í kúrò ní ilé ìtajà, wọ́n á pa á tì sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, wọ́n á jù ú sódò, wọ́n á fi sílẹ̀ nínú ọgbà tí àwọn ọmọdé ti ń ṣeré. Ó burú débi pé nígbà tí wọ́n ṣe òfin ààbò àyíká lọ́dún 1990, wọ́n ya abala kan sọ́tọ̀ fún tírọ́ọ̀lì: ìjọba ìbílẹ̀ lè kó èyí tí wọ́n bá bá níta, kí ilé ìtajà tó ni ín sì sanwó kó tó gbà á padà. Òfin lórí dída ìdọ̀tí sílẹ̀ ti wà níbẹ̀ láti ọdún 1958. Ara wọn ni wọ́n ṣe é fún.

Kí ló wá mú tírọ́ọ̀lì padà sílé? Àwọn ilé ìtajà kan fi ṣéènì so wọ́n pọ̀. Ẹ gbọ́dọ̀ ki ẹyọ pọ́n-ùn kan bọ ọwọ́ rẹ̀ kó tó tú. Bí ẹ bá dá a padà, tí ẹ so ó mọ́ èkejì, pọ́n-ùn yín á jáde. Ẹni tó ń pa tírọ́ọ̀lì tì sínú òjò lánàá, òun náà ló ń sáré tì í padà lónìí. Ìwà rẹ̀ kò yí padà mọ́jú. Owó rẹ̀ ló wà níbẹ̀.

Àwa náà mọ ọgbọ́n yìí dáadáa. Ẹ rántí igò mínírà. Ẹ dé ọ̀dọ̀ ìyá tó ń tà á ládùúgbò, ohun tó máa kọ́kọ́ bi yín ni, "Igò yín dà?" Bí ẹ ò bá mú u wá, ẹ ó san owó igò, tàbí kí ẹ dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù kẹ́ ẹ mu ún tán. Ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́ á di igò náà mú bí ẹyin. Níbi ìnáwó, ẹni tó gbé kéréètì wá á ti máa ka igò rẹ̀ kí àlejò tó dìde. Ta ló wá rí igò mínírà tó sùn sórí koríko ọgbà ìgbafẹ́?

Nígbà tí píọ̀ wọ́tà gbilẹ̀ ní àwọn ọdún 1990, kò sí owó ọ̀rá. Ike tó gba ipò igò náà, kò sí owó ike. Ọwọ́ tó ń dá igò padà ni ọwọ́ tó ń ju ọ̀rá. Bó bá jẹ́ pé ọ̀bùn ni wá lóòótọ́, igò náà ì bá wà nílẹ̀. Ẹ tún wo irin: kò pẹ́ nílẹ̀ tí àwọn oníkọ́ńdẹ́mù á fi gbé e, torí ó níye.

Mi ò sọ pé kò sí aláìbìkítà láàárín wa. Ó wà, ó sì wà ní gbogbo ìlú. Ṣùgbọ́n ẹni tó jẹun tán lábẹ́ igi, tí kò rí garawa ìdọ̀tí kankan, tàbí tó rí ọ̀kan tó ti kún àkúnwọ́sílẹ̀ láti ọjọ́ mẹ́ta, níbo la ní kó fi ọ̀rá ọwọ́ rẹ̀ sí?

Àwọn kan á ní kí wọ́n ṣáà máa mú wa, kí wọ́n máa bu owó ìtanràn lé wa. Wọ́n ti ṣe é. WAI, ètò tí ìjọba ológun fi gbógun ti ìwà àìníbàwí, dé lọ́dún 1984 pẹ̀lú sójà; KAI, irú rẹ̀ ti ìjọba Èkó, dé lọ́dún 2003. Ọ̀rá ṣì wà nílẹ̀. Àwọn mìíràn ní bí a ò bá jù ú sílẹ̀, kí ni agbálẹ̀ máa jẹ? Èyí bí mi nínú. Àwọn obìnrin tó ń gbálẹ̀ lójú títì márosẹ̀ Èkó ni à ń sọ yìí, tí ọkọ̀ ti pa nínú wọn lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ má fi wọ́n ṣe àwáwí.

Ìdọ̀tí yìí kì í dúró sínú ọgbà. Òjò á gbá a lọ sí gọ́tà, gọ́tà á gbé e dé odò. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa ya wọ ìlú Ìbàdàn, ó gbé èèyàn àti ilé lọ; ìdọ̀tí tó dí ojú omi wà lára ohun tó fà á. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, omi tún yalé n'Ìbàdàn, àwọn tó kú lé ní 100. Ẹni tó bá ní ìwà ọ̀bùn ló pa wọ́n ti dá ẹjọ́ òkú fún òkú, ó sì ti jẹ́ kí ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ọ̀rá àti ìjọba tí kò la ojú omi lọ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ní oṣù kìíní ọdún 2024, ìjọba Èkó fòfin de abọ́ funfun tí wọ́n fi ń gbé oúnjẹ yẹn. Ó dára, torí ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ṣe é àti ẹni tó ń tà á ni òfin náà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ síwájú. Ogún ọ̀rá ló wà nínú àpò píọ̀ wọ́tà kan. Kí owó ọ̀rá wà lórí àpò náà, kí ẹni tó bá kó ogún òfìfo padà gba owó rẹ̀, kí ilé iṣẹ́ tó pọn omi náà sì kó òfìfo rẹ̀ lọ. Bákan náà ni kí wọ́n ṣe fún ike. Ẹni tó bá háyà ọgbà ìjọba fún ìnáwó, kó fi owó sílẹ̀, kó gbà á padà nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́. Jámánì ti ń gba irú owó yìí lórí ike àti agolo láti ọdún 2003, sẹ́ńtì 25 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nínú ọgbà wọn, ẹni tí kò fẹ́ gbé ike tirẹ̀ padà á gbé e sí ẹ̀gbẹ́ garawa fún ẹni tó ń ṣà á.

Wọ́n á ní omi máa wọ́n. Kò ní wọ́n fún ẹni tó bá dá ọ̀rá padà, torí owó rẹ̀ ló ń gbà. Ẹni tó bá jù ú sílẹ̀ nìkan ló máa pàdánù, ẹni tó bá ṣà á lórí koríko ni yóò sì jẹ owó náà.