Ogun Àdùbí, Àgbẹ́kọ̀yà àti Iṣẹ́ Olùkọ́ Èdè

Nígbà kan tí mo lọ wo akẹ́kọ̀ọ́ wa kan lẹ́nu ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́ ní Ajíbọ́dẹ, ó bi àwọn ọmọ kíláàsì pé, 'Àwọn wo ni à ń pè ní Àgbẹ́kọ̀yà?' Ọmọ kan dìde, ó ní, 'Àwọn tí ìbọn kì í ràn ni, sà.' Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un, olùkọ́ sì kọjá sí ìbéèrè mìíràn.

Ìdáhùn náà kò tó. Oògùn ni ọmọ náà rántí, kò rántí ìyà. Bẹ́ẹ̀, ìyà ni ó wà nínú orúkọ náà: àgbẹ̀ ni ó kọ ìyà. Bí a kò bá sọ irú ìyà tí ó jẹ́, ìtàn ti di àlọ́.

Àádọ́ta ọdún ṣáájú Àgbẹ́kọ̀yà ni àwọn Ẹ̀gbá ti ja Ogun Àdùbí. Ìwé àdéhùn 1893 fi òmìnira Ẹ̀gbá múlẹ̀; ní 1914, ìjọba Lugard gba òmìnira náà. Nígbà tí ó di 1918, wọ́n gbé owó orí karí ará ìlú àti ará oko. Ní oṣù Òkúdu ọdún náà, ará oko fárígá. Wọ́n hú irin ojú ọ̀nà rélùwéè, wọ́n gé wáyà tẹligíráàmù, wọ́n sì pa Oṣilẹ̀ Òkè-Ọnà. Ìjọba kó ọmọ ogun tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ojú ogun Ìlà-Oòrùn Áfíríkà dé tì wọ́n. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún Ẹ̀gbá ni ó kú.

Ẹnìkan lè wí pé kí ni ti Ẹ̀gbá kan Ìbàdàn? Owó orí ni ó kàn wá. Òyìnbó ni ó ń gbà á ní 1918; ní 1968, ọmọ Yorùbá, Adeyinka Adebayo, ni gómìnà ológun. Àsíá ti yí padà, ẹrù kò kúrò lórí àgbẹ̀. Ní 1969, Awólọ́wọ̀ lọ bá Táfá Adéoyè sọ̀rọ̀, ìjọba dín owó orí kù, ilẹ̀ sì rọ̀. Ọ̀rọ̀ ni ó parí ìjà náà, kì í ṣe oògùn, kì í sì í ṣe ìbọn.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan gbà pé iṣẹ́ Ẹ̀ka Ìtàn ni èyí. N kò gbà bẹ́ẹ̀. 'Ọ̀tẹ̀' ni ìjọba ń pe irú nǹkan báyìí. 'Ogun' ni Ẹ̀gbá pè é. Ẹni tí ó yan ọ̀rọ̀ ti dá ẹjọ́ ná. Bí olùkọ́ èdè kò bá fi ìyàtọ̀ yìí han ọmọ, ta ni yóò fi hàn án?

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ni, ẹni tí ó jẹ́ ọmọ ogún ọdún ní 1968 ti ń sún mọ́ ọgọ́rin ọdún báyìí. Bí wọ́n bá rán yín lọ sí Akínyẹlé, Lágelú tàbí Ọ̀nà-Àrà, ẹ wá bàbá tàbí ìyá àgbà kan, ẹ kúnlẹ̀, ẹ dọ̀bálẹ̀, kí ẹ sì bi wọ́n pé: Èló ni owó orí? Ta ni ó ń gbà á? Kí ni ẹ ṣe nígbà tí wọ́n dé? Bí wọ́n bá ti sọ ọ́ ni kí ẹ kọ ọ́, pẹ̀lú ẹ̀ka-èdè wọn. Ìwé tí kíláàsì Ajíbọ́dẹ yẹn nílò nìyẹn.