Omi Ọmú Àkọ́kọ́ Kì í Ṣe Ìdọ̀tí

Bí obìnrin bá bímọ, omi ọmú tí ó kọ́kọ́ jáde a máa ki, àwọ̀ rẹ̀ a sì sún mọ́ ti pupa inú ẹyin. Ní ilé púpọ̀, àwọn àgbà a ní ìdọ̀tí ni. Wọn a fún un dànù, wọn a sì fi omi àti àgbo bọ́ ọmọ. Ìfẹ́ ni ó mú wọn ṣe é, ṣùgbọ́n àṣà náà kò dára.

Ìfun ènìyàn ní odi tirẹ̀. Ohun yíyọ̀ kan bí ọbẹ̀ ilá bò ó nínú, ohun ìjà ara sì wà níbẹ̀ tí í so mọ́ kòkòrò àrùn, kí ó má baà lè di ara ìfun mú. Ọmọ titun kò tí ì lè pèsè ohun ìjà yìí tó. Ìyá ni í fi fún un. Nígbà tí kòkòrò inú omi tàbí oúnjẹ bá wọ ìfun ìyá, àwọn ẹ̀ṣọ́ ibẹ̀ a dá a mọ̀. Díẹ̀ nínú wọn a gba inú ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọmú, láti máa pèsè ohun ìjà sínú omi ọmú, èyí tí ó bá kòkòrò ilé náà gan-an mu. Omi ọmú àkọ́kọ́ ni ó sì ní in jù lọ.

Àgbẹ̀ kì í wó ọgbà rẹ̀ ní ọjọ́ tí èhù bá yọ. Nítorí náà, kí a gbé ọmọ sí ọmú kí wákàtí kan tó kọjá lẹ́yìn ìbí rẹ̀, kí ó sì mu ọmú nìkan títí di oṣù 6, láìsí omi, láìsí àgbo. Omi tí ó tó wà nínú ọmú. Ẹ̀bùn Ọlọ́run ni. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fún un dànù.