Ọkọ́ Kì Í Ṣe Ọ̀pá Ìyà

Ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò ọdún kan, a kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa jáde lọ sí ilẹ̀ kékeré kan tí ó wà lẹ́yìn ilé ìkàwé. A ti di irúgbìn ilá sínú bébà fún olúkúlùkù wọn, a sì ti to ọkọ́ sí ara ògiri. Kí a tó la ẹnu, ọ̀kan nínú wọn, ọmọkùnrin oníwà pẹ̀lẹ́ tí kì í bá ẹnikẹ́ni ṣe aáwọ̀, na ọwọ́ sókè, ó sì wí pé, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ̀ṣẹ̀ wo ni a ṣẹ̀?” Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín kò pa àwa. Ọmọ yìí ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́; láìpẹ́ yóò dúró níwájú àwọn ọmọ wa. Ohun tí ó sì mọ̀ nípa ọkọ́ kò ju èyí lọ, pé ẹlẹ́ṣẹ̀ ni a máa ń gbé e lé lọ́wọ́.

Ẹ̀yin ìjòyè, ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé ìlú, ta ni ó kọ́ ọ bẹ́ẹ̀? Àwa olùkọ́ ni. Ọmọ pẹ́ dé ilé-ìwé, a ní kí ó lọ ro ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ó ṣi ìṣirò ṣe, a wọn ebè mẹ́wàá fún un. Ó sọ Yorùbá nínú kíláàsì, a ní kí ó lọ ṣán oko olùkọ́ títí agogo yóò fi lù. Bẹ́ẹ̀ ni a fi ìyà kan ṣoṣo kọ́ ọmọ láti kórìíra ohun méjì tí ó jẹ́ tirẹ̀, èdè rẹ̀ àti ilẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni a ó wá dìde dúró ní ọjọ́ ìpàdé, tí a ó máa dárò pé àwọn ọ̀dọ́ ti sá kúrò lóko, pé wọn kò náání àṣà baba wọn mọ́. Ohun tí ènìyàn bá gbìn ni yóò ká. Èyí tí a gbìn ni a ń ká yìí.

A kò sọ èyí láti bú ẹnikẹ́ni kí a sì yọ ara wa sílẹ̀. Àwa pàápàá ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún kí a tó fi ọwọ́ ara wa bo hóró kan mọ́lẹ̀ láìsí ẹni tí ó rán wa. A ti wàásù lórí afúnrúgbìn inú Ìwé Mímọ́ ní ìgbà tí a kò lè kà. A mọ irúgbìn tí ó bọ́ sí ẹ̀bá ọ̀nà, a mọ èyí tí ó bọ́ sórí àpáta. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá bi wá pé báwo ni a ti í gbin ewédú, ẹnu wa yóò wọhò.

Ewédú náà ni a sì fi bẹ̀rẹ̀. A ro ilẹ̀, a fọ́n irúgbìn, a ń bomi rin ín ní òwúrọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Koríko hù, ewédú kò hù. A ti fẹ́ máa dá ọjà lẹ́bi pé òkú irúgbìn ni wọ́n tà fún wa, nígbà tí ìyá àgbà kan ní àdúgbò wa, tí kò mọ̀wé rárá, yọjú sí wa láti ẹ̀yìn ọgbà. Ó ní, “Àlùfáà, ṣé ẹ fi omi gbígbóná jí i kí ẹ tó gbìn ín?” A ní, “Rárá o, ìyá.” Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ó ṣì ń sùn nìyẹn. Kò tíì gbọ́ pé ẹ ń pe òun.” Ó wá kọ́ wa pé èèpo irúgbìn ewédú le tó bẹ́ẹ̀ tí omi kò fi lè tètè ráyè wọ inú rẹ̀, nítorí náà a ó dì í sínú aṣọ, a ó rì í bọ inú omi tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá 5 sí 10, a ó yọ ọ́ kíákíá, a ó sá a kí ó gbẹ, kí a tó fọ́n ọn. A ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ karùn-ún, ilẹ̀ tí ó ti yàgàn bẹ̀rẹ̀ sí i ní àwọ̀ ewé. Àwa tí a fi ìwé ẹ̀rí kọ́ sí ara ògiri, ẹni tí kò mọ̀wé ni ó là wá lójú.

Ẹ jẹ́ kí a sọ bí inú wa ti dùn tó ní òwúrọ̀ náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú lè máa ti àgbàlagbà láti sọ ọ́. A kò ráyè wọ bàtà kí a tó jáde. A bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, a ń kà wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. A ka ogójì, wọ́n pè wá sídìí oúnjẹ, iye náà sọnù lórí wa, a sì tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ení. Ìlú ti yẹ́ wa sí nígbà púpọ̀. Wọ́n ti fún wa ní ìjókòó iwájú, wọ́n ti pàtẹ́wọ́ fún wa. Ayọ̀ ti òwúrọ̀ yẹn yàtọ̀, nítorí kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ tí yóò yìn wá. Irúgbìn kò mọ olóyè, kò mọ àlùfáà. Bí a kò bá ṣe é bí ó ti tọ́, kò ní hù. Bí a bá ṣe é bí ó ti tọ́, yóò hù fún ìránṣẹ́ bí yóò ti hù fún ọba.

Láti ìgbà náà ni ọkàn wa ti fà sí i. Irúgbìn tẹ̀tẹ̀ kéré bí ẹ̀tù ìbọn, ó dúdú, ó sì ń dán. Bí a bá fọ́n ọn lásán yóò ṣù jọ sí ojú kan, nítorí náà a máa ń pò ó mọ́ iyanrìn gbígbẹ. Láàárín ọjọ́ 3 sí 5 yóò ti yọ, kí ó sì tó pé ọ̀sẹ̀ 6 yóò ti wọ inú ìkòkò ọbẹ̀. Ilá ni a máa ń rẹ sínú omi mọ́jú kí a tó gbìn ín. Òdòdó rẹ̀ a máa là ní òwúrọ̀, inú rẹ̀ a pọ́n bí osùn, kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú yóò ti rọ. Ẹni tí ó bá sùn pẹ́ kò ní bá a. Irúgbìn tòmátì ní omi yíyọ̀ tí ó bò ó mọ́lẹ̀ tí kì í jẹ́ kí ó hù. A ó fi í sínú omi fún ọjọ́ 2 tàbí 3 títí omi náà yóò fi kan, kí a tó ṣàn án kí a sì sá a.

Ní ọjọ́ kan a fi hóró ẹ̀wà sí ẹ̀gbẹ́ ìgò kan tí a ki òwú tútù bọ̀, kí a lè fi ojú rí ohun tí ilẹ̀ ń fi pa mọ́. Gbòǹgbò ni ó kọ́kọ́ jáde, ó ń lọ sísàlẹ̀. A dojú ìgò dé. Gbòǹgbò náà tẹ̀ padà, ó tún forí lé ìsàlẹ̀. Ìgbà tí ó ti rí ibi dì mú ni ewé tó gbéra lọ wá ìmọ́lẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ojoojúmọ́ sọ̀rọ̀ ìlọsíwájú ìran Yorùbá, ẹ lọ wo inú ìgò náà.

A mọ̀ pé àwọn kan yóò yínmú. Wọn yóò ní iṣẹ́ àgbẹ̀ ni gbogbo èyí, pé àwọn kò kàwé kí àwọn tó tún padà sídìí ebè. A ó dá wọn lóhùn. Àlùfáà kan wà rí ní ìlú Brno ní Yúróòpù, Gregor Mendel ni orúkọ rẹ̀. Olùkọ́ ni òun náà. Ó sì kùnà nínú ìdánwò ìwé ẹ̀rí olùkọ́ ní 1850, bẹ́ẹ̀ ni kò rí i gbà nígbà tí ó padà lọ ní 1856. Láti 1856 títí di 1863 ó ń gbin pea, ìbátan ẹ̀wà wa, nínú ọgbà ilé àwọn mọ́ńkì, ó ń ka hóró, ó ń kọ iye wọn sílẹ̀. Ohun tí ó rí, tí ó sì tẹ̀ jáde ní 1866, ni ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́ bí ìrí òbí ti ń dé ara ọmọ. Ayé kò ka iṣẹ́ náà sí títí di 1900, nígbà tí òun ti kú. Ṣé òun náà kò kàwé ni?

Bí ẹ bá ní òyìnbó ni ìyẹn, ẹ jẹ́ kí a bọ̀ wá sílé. J. K. Coker jẹ́ ọ̀mọ̀wé àti olówó ní Èkó, ó sì wà lára àwọn aṣáájú ìjọ African Church tí a dá sílẹ̀ ní 1901. Òun náà ni ó lọ gbin kòkó ní Ìfàkò lẹ́bàá Agége, tí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì dá ẹgbẹ́ àwọn olóko Agége sílẹ̀ ní 1907. Hóró kòkó kò ṣeé fi pa mọ́ bí àgbàdo. Bí ó bá gbẹ, ó kú nìyẹn. Àwọn tí wọ́n wá ṣe lébìrà ní oko Agége kó o padà, wọ́n sì gbìn ín ní ìlú tiwọn. Owó kòkó wà lára ohun tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955. Ilé Kòkó tí a parí ní Ìbàdàn ní 1965 sì dúró títí di òní láti jẹ́rìí. Ìwé tí ẹ ń tìtorí rẹ̀ kẹ́gàn ọkọ́, hóró ni ó san owó rẹ̀.

Ẹlòmíràn yóò ní kò sí ilẹ̀, pé sìmẹ́ńtì ni a fi bo àgbàlá. Ta ni ó bò ó? A ti wọ ilé àwọn ènìyàn ńlá tí a kò rí ibi tí adìẹ lè tan ilẹ̀, àfi òdòdó tí a ti gbìn dàgbà níbòmíràn tí a sì rà wá nínú ìkòkò, tí ọmọ ọ̀dọ̀ ń bomi rin. Àpò ìrẹsì tí a ká ẹnu rẹ̀ wálẹ̀ tó fún ilá méjì. Ike tí ó ti fọ́ létí tó fún tẹ̀tẹ̀, bí a bá lu ihò sí ìdí rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Ẹlòmíràn yóò ní ẹ̀fọ́ kò wọ́n lọ́jà. Òótọ́ ni, kí Ọlọ́run sì bù kún àwọn ìyá tí ń tà á. Ṣùgbọ́n ọjà kò ta òwúrọ̀ tí a ń sọ yìí. Kò sì ta ẹ̀kọ́ inú rẹ̀. Ẹni tí ó gbin ọgọ́rùn-ún èbù tí ó ní òun gbin igba, bí ó bá jẹ ọgọ́rùn-ún òtítọ́ tán, yóò jẹ ọgọ́rùn-ún irọ́. Ó yẹ kí àwa tí ọ̀rọ̀ jẹ́ iṣẹ́ wa máa lọ sí ibi tí ọ̀rọ̀ lásán kì í ti í hù.

Nǹkan mìíràn tún wà tí ó ń kó ẹ̀dùn bá ọkàn wa. Àwọn ìyá wa àgbà a máa so àgbàdo rọ̀ sókè ààrò kí èéfín lè lé kòkòrò, wọ́n a máa fi eérú pa ẹ̀wà mọ́ sínú akèrègbè. Èso tí ó dára jù lọ ni wọ́n ń yà sọ́tọ̀ fún irúgbìn; ẹni tí ó bá jẹ ẹ́, ìjà ni. Lónìí púpọ̀ nínú wa ń ra ti inú agolo ní ọdọọdún. Kò burú láti rà á. Ṣùgbọ́n àwọn kan nínú rẹ̀ jẹ́ irúgbìn àdàlù, tí yóò so dáadáa lẹ́ẹ̀kan, tí ọmọ rẹ̀ kò sì ní jọ ọ́ bí a bá tún un gbìn. Ẹni tí kò ní irúgbìn tirẹ̀ nílé, ẹnu ọ̀nà ẹlòmíràn ni yóò máa dúró sí ní gbogbo ìbẹ̀rẹ̀ òjò.

Ilé ìwádìí IITA, tí a dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1967, ní irú ẹ̀wà tí ó lé ní 15,000 ní ìpamọ́, wọ́n sì ti fi lára rẹ̀ ránṣẹ́ sí àká irúgbìn Svalbard ní ilẹ̀ Nọ́wè, èyí tí a ṣí ní 2008, nínú ilẹ̀ tí ó dì bí yìnyín. A dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Síbẹ̀, irúgbìn tí ó wà nínú yìnyín kò lè mú orúkọ rẹ̀ wá sí ẹnu ọmọ wa. Àfi èyí tí a ń gbìn, tí a ń kórè, tí a sì ń pè.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni a ń bẹ̀bẹ̀ fún. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹgbẹ́ wa, ẹ yọ ọkọ́ kúrò nínú ìyà. Bí ọmọ bá ṣẹ̀, ẹ wá nǹkan mìíràn fún un, kí ẹ sì fi ọgbà ṣe ẹ̀bùn fún ẹni tí ó ṣe dáadáa. Ẹ̀yin ìjòyè, ẹ wú sìmẹ́ńtì díẹ̀ kúrò ní àgbàlá yín, kí ẹ sì gbin nǹkan síbẹ̀ fúnra yín ní ojú àwọn ọmọ yín, kì í ṣe nípa ìránṣẹ́. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ yòókù, kí olúkúlùkù mú irúgbìn kan tí òun gbìn tí òun sì yà sọ́tọ̀ wá sí ìpàdé ọdún, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ ní èdè ìlú rẹ̀, kí a lè pín in.

Ọmọkùnrin tí ó bi wá ní ìbéèrè ńkọ́? Èsì tí a fún un ni pé, “Ẹ kò ṣẹ̀. Àwa ni a ṣẹ̀ yín.” A sì mú ọkọ́ kan, àwa ni a kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹfà, bí a ti ń lọ fún àdúrà, a bá a lórí ìkúnlẹ̀ létí ebè rẹ̀. Kò gbọ́ ẹsẹ̀ wa. Nígbà tí ó gbójú sókè ó ní, “Ó ti yọ, sà. Méjì ti yọ.” Kò sí ẹni tí ó rán an.

Ẹ̀yin èèyàn wa, òjò àkọ́rọ̀ kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹ wá irúgbìn.