Ẹni Tó Ń Bá Wa Wo Ọmọ

Lọ́sẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ tíṣà kọ́ la fẹ́ sọ. Ọ̀rọ̀ éducateur ni.

Ẹ̀yin tí ọmọ yín ṣì wà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè má tíì mọ̀ wọ́n. Éducateur kì í kọ́ ọmọ ní ìṣirò. Òun ló ń mọ ẹni tó pa ilé ìwé jẹ, òun ló ń fún ọmọ tó pẹ́ dé ní billet d'entrée kí tíṣà tó gbà á wọ kíláàsì. Ìjà, olè jíjà, fóònù tó sọnù, ọmọbìnrin tó fara pamọ́ tó ń sunkún, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ń já sí.

Mo bá ọ̀kan nínú wọn sọ̀rọ̀ ní Bouaké níbí. Ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà. Ó ní, “Tantie, bí ọmọ tèmi bá pè mí nílé báyìí, ó máa ń ṣe mí bíi kí n ní kó lọ gba billet wá ná.” Èmi rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín.

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ̀rọ̀ nípa irú nǹkan yìí ní 2019. Wọn kò pè é ní àìsàn. Wọ́n ní wàhálà ibi iṣẹ́ tó pẹ́ tí a kò bójú tó ló ń fà á: okun èèyàn á tán, iṣẹ́ á sú u débi pé kò ní bìkítà mọ́, á sì máa rò pé òun kò rí nǹkan gidi kan ṣe. Èyí tó wà láàárín yẹn ló bà mí lẹ́rù jù, torí ọwọ́ ẹni tí kò bìkítà mọ́ lọmọ wa máa bọ́ sí.

Kí ló ń tán wọn lókun? Láti 2015 lòfin ti ní ọmọ ọdún 6 sí 16 gbọ́dọ̀ wà nílé ìwé. Òfin dáadáa ni, àmọ́ ojú tó ń ṣọ́ ọmọ kò pọ̀ tó ọmọ. Bí Kérésì bá sì ń bọ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan á fẹ́ fi tipátipá gba ìsinmi kó tó tásìkò, wọ́n á máa lé àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn jáde ní kíláàsì. Ta ló máa dúró lẹ́nu géètì? Òun náà ni. Àwa kan ní Bouaké rántí ìgbà tí ogun dé ní 2002, tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ sá lọ, tó jẹ́ àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn ló ń kọ́ àwọn ọmọ. A mọ bí ilé ìwé ṣe ń rí tí àgbà kò bá sí níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe àwọn ọmọ ni ọkùnrin yìí ráhùn lé lórí jù. Àwa òbí ni. Bí wọ́n bá fìwé pè wá, a kì í lọ, tàbí ká lọ jà. (Èmi náà ti rán àbúrò mi lọ rí, kó lọ dúró bí òbí. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀.)

Mo bi í pé kí ló dé tí kò tíì fiṣẹ́ náà sílẹ̀. Ó ní ìyá kan tó ń ta abọ́ lọ́jà wá bá òun lọ́jọ́ kan, láìjẹ́ pé wọ́n pè é. Ó ní òun kàn wá mọ ẹni tó ń bá òun wo ọmọ ni. Ọdún kẹrin rèé, kò tíì gbàgbé.

Mo ní ọmọ náà á ti jẹ́ ọmọ dáadáa. Ó ní, “Rárá o. 11 lórí 20 ni máàkì ìwà rẹ̀.” Ó wá rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ Ajé, mò ń lọ sílé ìwé ọmọ mi. Wọn kò ránṣẹ́ pè mí.