Ẹni Tó Bá Fẹ́ Mọ Ìbàdàn, Kó Ná Ọjà Rẹ̀

Bí àlejò bá dé Ìbàdàn lóde òní, ilé ìtajà ńlá tó wà ní Ring Road ni ọ̀pọ̀ onílé máa ń kọ́kọ́ mú un lọ. Ara tù ú níbẹ̀, iye owó ọjà wà lára ọjà, kò sí pé à ń ná an, à ń bẹ̀bẹ̀. Kò sóhun tó burú nínú ìyẹn. Àmọ́ ohun tí àlejò náà rí níbẹ̀, ó lè rí i l'Ékòó, ó lè rí i ní Àkúrẹ́. Ohun tí kò lè rí níbòmíràn wà ní Ọjẹ́, ní Sábó, ní Bódìjà àti ní Gbági: àdúgbò kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ọjà tirẹ̀.

Ìtàdógún ni wọ́n ń ná ọjà òfì Ọjẹ́. Láti Ìsẹ́yìn, láti Ọ̀yọ́ àti àwọn ìlú mìíràn ni àwọn ahunṣọ àti alágbàtà ti ń ru ìdì wá, ilẹ̀ kì í sì í tíì mọ́ tán tí ọjà á fi gbóná. Ẹni tó mọ aṣọ kì í tètè dá iye lé e. Á tú òfì náà, á nà án sójú ìmọ́lẹ̀ wò bóyá ó hun dáadáa, á yí ẹ̀yìn rẹ̀ padà, ìgbà náà ni á ṣẹ̀ṣẹ̀ béèrè pé èló ni. Sányán tí wọ́n fi òwú kòkòrò hun ti di ọ̀wọ́n. Òwú dídán tó ń ti òkè òkun wá ló gbòde kan nísinsìnyí. Síbẹ̀, ìyá ìyàwó tó bá fẹ́ ẹtù tàbí àlàárì tó jọjú ṣì ń ka ọjọ́ dé ọjà Ọjẹ́.

Ìtàn mìíràn ló bí Sábó. Ní 1916 ni wọ́n fún àwọn Hausa ní ilẹ̀ lẹ́bàá Mọ́kọ́lá kí wọ́n lè máa gbé pọ̀ lójú kan, obì ilẹ̀ Yorùbá sì ń ti ibẹ̀ lọ sí òkè Ọya, bí màlúù ṣe ń ti ọ̀hún bọ̀. Òwò náà lágbára tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀mọ̀wé Abner Cohen fi kọ odindi ìwé lé e lórí, tó jáde ní 1969. Lónìí, ẹni tó bá ń wá súyà àti fùrá, tàbí tó fẹ́ pààrọ̀ owó ilẹ̀ òkèèrè, ó mọ ibi tí òun ń lọ.

Ọkọ̀ ojú irin tó wọ Ìbàdàn ní 1901 ló sọ Dùgbẹ̀ àti Gbági di ibùdó àwọn oyinbó oníṣòwò àti àwọn ará Lẹ́bánọ́ọ̀nù. Òpópónà Lebanon ṣì ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ títí di òní. Nígbà tó yá, àwọn aláṣọ Gbági kó lọ sí ọjà tuntun ní ojú ọ̀nà Ifẹ̀ àtijọ́. Orúkọ Bọ́lá Ìgè ni ìjọba fún ọjà náà, ṣùgbọ́n ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún awakọ̀ takisí kan kí ẹ wò ó bóyá kò ní bi yín pé, “Ṣé Gbági Tuntun lẹ̀ ń wí?”

Ní 1987 ni wọ́n kó àwọn oníṣòwò oúnjẹ kúrò ní Oríta Mẹ́rin lọ sí Bódìjà. Ibẹ̀ ni obìnrin tó ń ta ẹ̀wà á ti bu ún sí kọ́ńgò títí orí rẹ̀ á fi ṣe ṣóńṣó, á fi apá gbà á mọ́ra kí ó má dànù, oníbàárà á sì tún ní, “Ìyá, èènì mi dà?” Bí ẹ̀wà olóyin bá tán lọ́wọ́ rẹ̀, á sáré gbà á lọ́wọ́ ẹnìkejì rẹ̀. Ohun tó dára nínú kí àwọn tó ń ta ohun kan náà jókòó pọ̀ nìyẹn: oníbàárà kì í lọ lọ́wọ́ òfo, ẹnikẹ́ni kò sì lè dá iye tó wù ú lé ọjà.

Nítorí náà, bí ìjọba bá fẹ́ tún àwọn ọjà wọ̀nyí ṣe, kíkó ọjà kúrò níbì kan kọ́ ni ìṣòro. Bódìjà ti fi hàn pé ó ṣeé ṣe, torí pé àwọn olóúnjẹ jọ kó lọ ni. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń wọ́ ni kí wọ́n wó ọjà, kí wọ́n kọ́ ilé alájà, kí owó ṣọ́ọ̀bù wá kọjá agbára ẹni tó ń tajà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àwọn ará Èkó kò tíì gbàgbé ọjà Tejúoṣó. Iná jó o ní 2007, wọ́n ṣí tuntun ní 2014, ọ̀pọ̀ ọlọ́jà àtijọ́ ló sì pariwo pé apá àwọn kò ká owó ṣọ́ọ̀bù.

Òrùlé tí kò jò, ilé ìyàgbẹ́, gọ́tà tó ń ṣàn, ọ̀nà tí ọkọ̀ panápaná lè gbà wọlé: èyí ni kí ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àti àwọn ìjọba ìbílẹ̀ kọ́kọ́ ṣe fún àwọn ọjà wọ̀nyí. Bí àtúnkọ́ bá sì di dandan, kí wọ́n kọ orúkọ àti ìsọ̀ gbogbo ọlọ́jà sílẹ̀ kí wọ́n tó wó ohunkóhun, kí wọ́n sì fi ẹnu kò sí owó ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú ìyálọ́jà kí bíríkìlà tó dé.

Ní ti ẹni tó ní àlejò lọ́sẹ̀ yìí, kó béèrè ọjọ́ tí ọjà Ọjẹ́ bọ́ sí, kí wọ́n sì tètè jí.