Ẹ Má Fi Ìtàn Eléré Wa Di Ẹ̀pà

Ìbéèrè kan wọ inú àpótí ẹgbẹ́ oníròyìn wa lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹni tó kọ ọ́ ní: "Ṣé lóòótọ́ ni pé torí oògùn inú fíìmù Aiyé ni ìjọba ṣe fòfin de Ògúńdé?" Kí n tó jókòó ní kíláàsì, àwọn kan ti dáhùn. Ọ̀kan ní bẹ́ẹ̀ ni, bàbá òun ló sọ ọ́. Èkejì ní oògùn gidi ni wọ́n lò, ẹ̀rù ló ba ìjọba.

Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Ọdún 1979 ni Aiyé jáde. Ọdún 1964 ni ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn fòfin de ẹgbẹ́ eléré Hubert Ògúńdé, torí eré Yorùbá Ronú, tí wọ́n gbà pé ó ń bu ìjọba Olóyè S. L. Akíntọ́lá. Ògúńdé ò dákẹ́, ó tún gbé Òtítọ́ Korò jáde. Ìgbà tí àwọn ológun gbàjọba ní 1966 ni wọ́n tó mú òfin náà kúrò. Báwo wá ni fíìmù 1979 ṣe lè fa òfin 1964?

Kí ló dé tí àgbọ́sọ fi yára wọ̀ wá lára báyìí? Lójú tèmi, torí pé a kì í tọ́jú ohun tó lè jẹ́rìí ni. Pósítà, àwo orin, fọ́tò, aṣọ eré, gbogbo ẹ̀ la ń pè ní pàǹtí.

Èmi gan-an jẹ̀bi. Ní JSS 2, ìyá àgbà mi fún mi ní Atọ́ka kan, ìwé ìròyìn àtijọ́ tó máa ń fi fọ́tò àwọn eléré tíátà sọ ìtàn. Mo mú sísọ́ọ̀sì, mo gé àwòrán ọba kan jáde, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ káàdìbọ́ọ̀dù fún iṣẹ́ kíláàsì. Mo gba máàkì 9 nínú 10. Ìyókù ìwé náà, ìyá ẹlẹ́pà ló gbà á. Lóṣù tó kọjá, ọ̀rẹ́ mi rí àwòrán náà, ó bi mí pé: ẹgbẹ́ eléré wo nìyí? Eré wo? Ọdún wo? Mo kàn ń wò ni. Ìyá àgbà náà ti gbàgbé.

Ní Amẹ́ríkà, lẹ́yìn tí Walt Disney kú ní 1966, ilé-iṣẹ́ rẹ̀ gba òṣìṣẹ́ ilé-ìkàwé kan, Dave Smith, ní 1970, kó máa tọ́jú ìwé àti ẹrù wọn. Ó kọ ohun tó wà ní ọ́fíìsì Walt sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ń dáhùn ìbéèrè àwọn olólùfẹ́ eré wọn, títí ó fi fẹ̀yìn tì ní 2010. Ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló fi ń dáhùn, kì í ṣe "wọ́n ní".

Ẹnìkan á ní owó wà lọ́wọ́ tiwọn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bírò àti bébà ò wọ́n. Ilé Ògúńdé ní Òsósà, nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde, pàápàá ti di ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Ó ṣeé ṣe, ṣé ẹ rí i?

Àbá mi rè é. Nígbà ìsinmi, ẹ bi àwọn ìyá àgbà àti bàbá àgbà yín ohun tó wà nísàlẹ̀ àpótí wọn. Ẹ má gé e o! Ẹ kọ ọ́ sí bébà ọ̀tọ̀: ta ló ni ín, eré wo, ọdún wo. Kí ẹgbẹ́ wa náà má dáhùn ìbéèrè kankan mọ́ láìní ẹ̀rí. Bí a ò bá mọ̀ ọ́n, ká kọ "a ṣì ń wá a."

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà yẹn gan-an la nílò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká débẹ̀ kí ìyá ẹlẹ́pà tó débẹ̀.