Bí Owó Orin Ṣe Lè Máa Sùn Nílùú

Láti ọjọ́ Ẹtì títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, kò sí bí ènìyàn ṣe lè ti Ìkìrun rìn dé Òkukù, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, tí kò ní gbọ́ ìlù. Bí wọn kò bá máa ṣe òkú àgbà ní Ìkìrun, wọ́n á máa kó ọmọ jáde ní Èkó-Ende. Bí ìgbéyàwó kò bá dí ọ̀nà ní Ìníṣà, ẹgbẹ́ aláṣọ ẹbí kan á máa jó wọ ọjà Òkukù. Ẹni tó bá ní kò sí owó nínú orin lágbègbè yìí, kó lọ bi ẹni tó ṣe òkú ìyá rẹ̀ lóṣù tó kọjá. Owó wà. Ibi tí owó náà ń lọ sùn ni ká wò.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní ẹbí kan ní Ìníṣà ya 600,000 náírà sọ́tọ̀ fún orin níbi ìnáwó wọn. Olórin tí wọ́n pè láti Ìbàdàn gba 400,000, kílẹ̀ tó mọ́ ó ti kẹ́rù sọ́kọ̀. Ẹni tó gbé sípíkà àti jẹnẹrétọ̀ wá láti Òṣogbo gba 150,000. Àwọn onílù ìlú, tí wọ́n ti ń fi dùndún kí àlejò láti àárọ̀, gba 50,000 tó kù, ẹbí náà sì ní kí wọ́n máa fi ohun tí àlejò bá ná wọn dí i. Nínú gbogbo owó yẹn, 50,000 péré ló sùn ní Ìníṣà. Tí ẹnikẹ́ni bá ń sọ̀rọ̀ ọrọ̀ ajé orin fún yín, ẹ bi í léèrè ohun kan: báwo ni 50,000 yìí ṣe máa di 300,000, ọwọ́ mélòó ló sì máa gbà kọjá kó tó jáde nílùú? Ìjọba wa kì í fẹ́ràn ìbéèrè yìí. Àjọ̀dún ọlọ́jọ́ kan ló máa ń yá wọn lára, níbi tí gbogbo ọlọ́lá á ti wọ fìlà, tí wọ́n á ya fọ́tò, tí olórin Èkó á sì tún kówó lọ.

Láti rí ìdáhùn, ẹ mú ìyáàlù dùndún kan ṣoṣo wò. Agbẹ́lù ló kọ́kọ́ wá igi ọmọ tàbí igi apá tó ti gbó, òun ló gbẹ́ ẹ tí ìbàdí rẹ̀ fi tẹ́ẹ́rẹ́, tí ẹnu rẹ̀ méjèèjì sì là gbàragada. Ọ̀dọ̀ alápatà ni awọ ewúrẹ́ ti wá. Ẹni tó mọ iṣẹ́ awọ ló fá irun rẹ̀ tó sì sá a dáadáa. Awọ ni wọ́n tún gé wẹ́wẹ́ ṣe ọsán, okùn tó so ojú ìlù kan mọ́ èkejì, tí onílù ń fún mọ́ ìhà kí ohùn rẹ̀ tó lè gòkè. Alágbẹ̀dẹ rọ ṣaworo. Aránṣọ rán èyí tí wọ́n fi ń gbé e kọ́ èjìká. Ẹlòmíràn tẹ kọ̀ǹgọ́. Ìyáàlù kò sì dá ròde rí: kẹríkẹrì ń bẹ níbẹ̀, ìsáájú àti kànnàngó ń bẹ níbẹ̀, gúdúgúdú ń bẹ lọ́rùn ẹni tó ń fi bílálà lù ú. Bí òjò bá pa wọ́n, tàbí tí awọ bẹ́, atúnlùṣe tún ríṣẹ́. Bí onílù Ìkìrun bá ra ìlù rẹ̀ ní Ìkìrun, tó sì tún un ṣe níbẹ̀, owó òde kan ṣoṣo á ti dé ọwọ́ ènìyàn mẹ́fà tàbí méje tí kò tilẹ̀ mọ orin í kọ. Ìdí rèé tí mo fi gbà pé ìsọ̀ agbẹ́lù ló yẹ kí ìjọba ìbílẹ̀ kọ́kọ́ ràn lọ́wọ́, kí wọ́n tó máa wá gbajúmọ̀ olórin tí wọ́n máa fún ní mọ́tò.

Àpẹẹrẹ ohun tí ìlù tó wà nílé lè ṣe kò jìnnà. Ní Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun, ìlù ni wọ́n bí ọ̀pọ̀ ọmọ ilé Àyàn sí. Làmídì Àyánkúnlé àti Rábíù Àyándòkun ti ibẹ̀ lu dùndún dé Yúróòpù. Ulli Beier, tó ti gbé Òṣogbo tẹ́lẹ̀, dá ilé iṣẹ́ ọnà Iwalewa-Haus sílẹ̀ ní Bayreuth nílẹ̀ Jámánì lọ́dún 1981, ó sì ṣílẹ̀kùn fún àwọn oníṣẹ́ ọnà agbègbè wa. Mùráínà Oyèlámì, ọmọ Ìràgbìjí tó bá Dúró Ládípọ̀ ṣeré orí ìtàgé, kọ ìwé tó ń kọ́ni bí a ṣe lè kọ ìlù dùndún sílẹ̀ bí ẹní kọ àròkọ. Ìràgbìjí kò ju ẹ̀yìnkùlé Ìkìrun lọ. Bí àwọn kan bá ń sọ pé oríire ló gbé àwọn wọ̀nyí lọ, mi ò ní jiyàn oríire. Àmọ́ nígbà tí ìpè dé, ọmọdé ti wà nílé tó mọ gúdúgúdú lù, àgbà ti wà tó lè ko ìlù lójú, ìlù fúnra rẹ̀ sì wà lórí ìṣó. Ìlú tí kò bá ní ẹgbẹ́ tó ti mọwọ́ ara wọn, ìpè á kàn bá a lójijì ni.

Ojú irin tó dé Òṣogbo lọ́dún 1907, tó wá gba Ìkìrun àti Òkukù kọjá lọ sí Ọ̀fà, ní ọwọ́ nínú ìtàn orin jùjú. Ọ̀fà ni wọ́n ti bí I.K. Dairo, àgbà olórin jùjú, nítorí iṣẹ́ rélùwéè ló gbé bàbá rẹ̀, ọmọ Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, dé ibẹ̀. Káfíńtà ni bàbá náà, òun ló sì kan ìlù tí ọmọ náà kọ́kọ́ lù. Lọ́dún 1969, Dairo àti Hárúnà Ìṣọ̀lá, ọba àpàlà, jọ dá Star Records sílẹ̀, kí èrè àwo orin wọn má bàa máa wọ àpò ilé iṣẹ́ òyìnbó. Hárúnà tún lọ kọ́ Phonodisk, ilé ìgbohùnsílẹ̀ onítíráàkì 24, sí Ìjẹ̀bú-Igbó. Ẹ kíyè sí i: kì í ṣe Ìkẹjà ló kọ́ ọ sí. Àwo rẹ́kọ́ọ̀dù ti kógbá wọlé báyìí, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ibẹ̀ kò tíì gbó. Ẹni tó ni ẹ̀rọ ló ń pín owó. Lónìí, ẹ̀rọ tó ná Hárúnà ní owó ńlá ti di láptọ́ọ̀pù kan, máíkì kan àti yàrá tí wọ́n fi fóòmù lẹ̀ lára. Mẹ́ta irú rẹ̀ tó dára tó láàárín Ìkìrun, Ìníṣà àti Òkukù, tí iná rẹ̀ dúró ṣinṣin, á tó. Olórin wòlíìmọ̀, ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì, ọmọ kékeré tó ń kọ ráàpù, gbogbo wọn ló ń wọkọ̀ lọ Òṣogbo tàbí Ìlọrin bí irú yàrá bẹ́ẹ̀ kò bá sí nílé.

Ọ̀rọ̀ owó níná gba sùúrù, torí ibẹ̀ ni onílù ti ń jẹun. Bí òde bá tú, wọ́n á da àpò sílẹ̀, wọ́n á na owó tó ti rún, wọ́n á tò ó ní ẹyọ ẹyọ. Ẹni tó gbé ìyáàlù á mú ìpín àgbà, gúdúgúdú á mú tirẹ̀, ọmọ tó ń ṣa owó nílẹ̀ á rí nǹkan fi jẹun. Ètò tó ti pẹ́ ni. Ṣùgbọ́n òfin báńkì àgbà ilẹ̀ wa (CBN) ti ọdún 2007 sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti máa ná náírà lóde ijó tàbí láti máa jó lórí rẹ̀. Ìjìyà rẹ̀ kò dín ní ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí ìtanràn 50,000 náírà, tàbí méjèèjì. A fi ọ̀rọ̀ náà ṣe ẹ̀fẹ̀ títí di oṣù kẹrin ọdún 2024, nígbà tí ilé ẹjọ́ kan l'Ékòó rán Bobrisky, gbajúmọ̀ orí ayélujára nì, lẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà nítorí owó níná. Láti ìgbà náà, ọ̀pọ̀ olówó ló ń fi àpòòwé ṣe é tàbí kí wọ́n fi fóònù fowó ránṣẹ́. Olórin ńlá kò pàdánù púpọ̀, ó ti gba tirẹ̀ kó tó gbé máíkì. Onílù tó gbójú lé owó tí àlejò ń ná ni ebi ń pa. Nítorí náà, owó iṣẹ́ tí a dá ṣáájú kò ṣeé sá fún mọ́, bí àwọn àgbà onílù kan tilẹ̀ ń wò ó bí ìwọ̀sí, pé Àyàn kì í dúnàádúrà.

Òfin mìíràn wà tó ń gbèjà àwọn onílù tí wọn kò mọ̀. Òfin ẹ̀tọ́ àkọsílẹ̀ ti 2022, tí Ààrẹ Bùhárí fọwọ́ sí ní 2023, fún ẹni tó ń ṣeré láṣẹ lórí gbígba eré rẹ̀ sílẹ̀. Bí ayàwòrán fídíò bá gba ìlù yín lóde, tó sì ń fi í pawó lórí YouTube, ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti bi í pé ta ló fún un láṣẹ. Òkukù mọ bí eré ẹni ṣe ń di ohun tí ẹlòmíràn ń lò ju ìlú mìíràn lọ: oríkì àti rárà ìyàwó àwọn obìnrin ibẹ̀ ni Karin Barber fi kọ ìwé rẹ̀ tó jáde lọ́dún 1991, tí wọ́n ń kà ní yunifásítì káàkiri ayé. Ọgbà yunifásítì ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun (UNIOSUN) sì wà ní Òkukù gan-an, tó kún fún akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ní ibi tí wọ́n ń lọ nírọ̀lẹ́ Ọjọ́rú. Gbọ̀ngàn kan tó ń gba apohùn lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, tí wọ́n ń ta tíkẹ́ẹ̀tì olówó pọ́ọ́kú níbẹ̀, kò le kọjá agbára ìjọba ìbílẹ̀ Odò-Ọ̀tìn.

Ìlú kékeré náà lè fa àlejò síbi orin rẹ̀. Ìlú Praia ní Cape Verde kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi, àmọ́ láti ọdún 2013 ni wọ́n ti ń pe àwọn tó ń gba olórin sí àjọ̀dún òkè òkun wá síbẹ̀ kí wọ́n wá fi etí ara wọn gbọ́ àwọn olórin ibẹ̀. Lọ́dún 2017, UNESCO kà á mọ́ àwọn ìlú orin àgbáyé. Àwa ní ọjà tó sún mọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lóṣù kẹjọ ọdọọdún, èrò láti ilẹ̀ òkèèrè máa ń rọ́ wá síbi ọdún Ọ̀ṣun Òṣogbo. Ọjọ́ kejì ọdún, ta ló ń mú wọn wá sí Ìkìrun wá gbọ́ ìlù?

Fún àwọn onílù tó ń ka èyí, ìwé àdéhùn kò nílò lọ́yà. Ẹ kọ orúkọ ẹgbẹ́, ọjọ́, wákàtí tí ẹ máa lù, iye owó, owó ọkọ̀, oúnjẹ, àti bóyá wọ́n lè gba eré yín sí fídíò tàbí wọn kò lè gbà á. Kí ẹ̀yin àti ẹni tó ni òde fọwọ́ sí i, kí baálé àdúgbò jẹ́ ẹlẹ́rìí. Ẹ gba ìdajì ní ọjọ́ tí wọ́n wá pè yín, kí ìdajì yòókù sì wọ àkáǹtì ẹgbẹ́ kí ẹ tó fún ọsán àkọ́kọ́.